Idà Baptist

Ìgbátí àkọ́kọ́ bà á létí, ìkejì gbé e lu ààrò.  Ẹ̀jẹ̀ imú Kreszenz ń kán sínú wàrà tó ń gbé kaná, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ajá tó já okùn.

"Tún un sọ," Gallus wí. "Níbo lo ní ò ń lọ láàárọ̀ yìí?"

"Mo ń lọ sí agbo ìdìbò. Wọ́n ti gbà fún àwa obìnrin lọ́dún yìí."

Philomena, ẹ̀gbọ́n Gallus, rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Gallus, ṣé o gbọ́? Tó bá di ọ̀la, á ní kí o wá máa fọ àwo."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an ò tíì fọ ẹyọ kan rí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ ní ẹ wá lò lọ́dọ̀ wa, ó ti dọdún mẹ́jọ."

Gallus fi bàtà ta á nínú. Ó ní bó bá tẹ agbo yẹn, kó má padà wá sílé òun mọ́, Philomena ló máa gba kọ́kọ́rọ́.

Ilé òun, ó ní. Ẹ bá mi wo ojú tí kò ní ìtìjú. Baptist, bàbá Kreszenz, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó ilé náà, Kreszenz nìkan ló sì bí. Idà Baptist ló wà níbàdí Gallus yẹn. Kì í ṣe idà ogun. Idà lẹ̀rí pé ọkùnrin tó ẹni tó ń nawọ́ dìbò nínú agbo, bàbá ló sì ń fi í sílẹ̀ fọ́mọ. Ẹnìkan kì í fà á yọ níta, àfi kéèyàn fi òróró pa á nílé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó má dípẹtà. Baptist kì í jẹ́ kó yẹ̀. Gallus ọ̀lẹ ò fi òróró kàn án rí, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ tí Baptist kú, Kreszenz wà nílé màlúù, ó ń gbẹ̀bí abo màlúù kan. Kó tó wọlé, bàbá ti lọ. Philomena gbọ́wọ́ lé àgbélébùú ara ògiri, ó búra pé ẹnu bàbá lòún ti gbọ́ ọ: Gallus ló ni idà, Gallus ló ni ilé. Àtọjọ́ náà ni lílù ti bẹ̀rẹ̀. Kreszenz mú un mọ́ra, torí ta ló máa pe ìbúra nírọ́?

Ó bọ́jú, ó wé gèlè ìyá rẹ̀, ó sì jáde.

Nínú agbo, ní gbàgede ìlú, ẹ̀gbẹ́ Bàbá Fridolin, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ló dúró sí. Bàbá náà wò ó lójú.

"Kí ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Ilẹ̀kùn ló gbá mi, bàbá."

"Ilẹ̀kùn yẹn wọ òrùka ìgbéyàwó o. Àpá rẹ̀ rèé lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ."

Ara Kreszenz ò gbà á mọ́. Ó gbóhùn sókè tí gbogbo agbo fi yíjú. "Gallus ni. Àtọjọ́ tí bàbá mi ti kú ló ti ń nà mí bí ẹran."

Gallus tú àwọn èèyàn ká. Orí rẹ̀ ti gbóná. Ó fa idà yọ, ó ṣá a! Kreszenz fi apá gbà á, ẹ̀jẹ̀ sì bo aṣọ Bàbá Fridolin. Àwọn ọkùnrin bo Gallus mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ orúnkún mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n lọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí idà fi bọ́ sórí òkúta.

Bàbá Fridolin mú idà náà. Ó fi àtàǹpàkò nu ìpẹtà, ó sì rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára irin rẹ̀.

"Ìṣó ni Baptist fi gbẹ́ ẹ. Ìkọ̀wé ẹ̀ wíwọ́ náà ni, bó ṣe wà lára agogo màlúù ẹ̀. 'Kreszenz ọmọ mi ló ni idà yìí àti ilé mi.'"

Gbogbo ojú yí sí Philomena, tó wá dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi yí agbo ká láti wá fi aya àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Gallus ló ní kí n búra," ó wí, ó nàka sí àbúrò rẹ̀.

"Irọ́ ni!" Gallus ké láti ilẹ̀. "Àjẹ́, ìwọ lo kọ́ mi! O ní tá a bá gba ilé, ìwọ lo máa jọba ní kíṣìnnì!"

Ilé tí wọ́n fitọ́ mọ, ìrì ló wó o.

Olórí ìlú ní kí wọ́n gbé Gallus fọ́lọ́pàá. Ó ní ẹni tó fa idà yọ láàárín agbo ò ní nawọ́ níbẹ̀ mọ́ láyé. Philomena sá relé lọ kó ẹrù, ọmọdé ń hó lé e.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nawọ́.

"Ọmọ mi, lọ di ọgbẹ́ ẹ ná," Bàbá Fridolin wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ nawọ́."

Ọwọ́ tí idà ṣá gan-an ló nà sókè. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ abíyá rẹ̀, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi kà á mọ́ ìbò.