Àṣẹ Tí Kọ̀ǹpútà Ò Gbà Sílẹ̀

Ìnsípẹ́kítọ̀ Rùkáyàt jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọbìnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Lásunwọ̀n, Ìkòròdú, ó tẹ history. Àṣẹ yìí máa ń to gbogbo ohun tí èèyàn ti tẹ̀ sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ló pa rẹ́ níbẹ̀: ètò tí àwọn ará Ìjẹ̀dé fi ń gba ààyè nínú ọkọ̀ ojú omi, àti gbogbo ẹ̀dà rẹ̀. Rm ni ọ̀daràn náà lò, àṣẹ ìparẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn rí nǹkan kó padà. Ṣùgbọ́n kò sí rm nínú ohun tí history tò.

Moyọ̀sọ́rẹ ti sun àhámọ́ mọ́jú kí wọ́n tó mú un padà wá.

"Kọ̀ǹpútà ẹ ló ṣe é!" Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, jágbe.

"Mo lọ ra bọ̀ọ̀lì ni, sà. Mo ṣí i sílẹ̀ lọ ni."

"Bọ̀ọ̀lì ọdún mẹ́fà!"

Láńre, olórí àwọn tó ń kọ ètò, mi orí. "Màdáámù, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí máa lọ."

"Agbè gan-an ló fọ́ yìí," ni Rùkáyàt fèsì. "Ẹ̀yin àti Moyọ̀sọ́rẹ nìkan lẹ sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà ibi tí ẹ̀dà wà. Ẹ bá mi fi grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀, wá 'Ìjẹ̀dé' nínú fáìlì yìí, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Moyọ̀sọ́rẹ ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Wàràwàrà ni Láńre tẹ tirẹ̀. Rùkáyàt tún pe history. Grep kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

"Láńre, tiyín dà?"

Láńre tún nawọ́ sí kọ̀ǹpútà náà, Rùkáyàt dá a dúró.

"Lórí kọ̀ǹpútà yìí, béèyàn bá tẹ àlàfo kan ṣáájú àṣẹ, history ò ní gbà á sílẹ̀. Ó ti mọ́ ìka yín lára, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ṣe é. Moyọ̀sọ́rẹ ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó tẹ̀ ló wà níbẹ̀, títí kan àwọn àṣìṣe ẹ̀."

Láńre wo ọ̀gá rẹ̀. "Mo kọ àwọn àṣẹ tó ń kan ètò yẹn pọ̀, tó ń dán an wò, tó ń gbé e jáde fúnra ẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀ lẹ ní kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn."

"Láńre, jọ̀ọ́. Ẹ̀dà kankan ò ṣẹ́ kù?"

"Kò sí, sà."

Ọlọ́pàá mú un lọ. Rùkáyàt fọwọ́ sí ìwé ìtúsílẹ̀ Moyọ̀sọ́rẹ, ó dá fóònù rẹ̀ padà fún un.

"Ṣé kí n wá lọ́la, sà?" ọmọbìnrin náà béèrè.

Ọláògún ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. "Wá ṣe kí ni?"