Ọjọ́ Tí Àwọn Oníbúrẹ́dì Yan Fáànù

Àwọn fáànù tuntun, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi bátìrì rìn, ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí tírélà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, gbogbo ọmọ tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ sì dúró lẹ́bàá títì láti wò wọ́n. Wọ́n funfun báláú. Wọn ò pariwo, wọn ò rú èéfín. Wọ́n rọra ń yí wọ inú ọgbà Ọ̀gá Òdìkejì bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi okùn fà wọ́n. Ara gbogbo àwọn ọmọ náà yá gágá. Ara Kíákíá náà yá, àmọ́ ó ń fi í pamọ́, torí pé ìyá tiẹ̀ náà ń ta fáànù oníbátìrì ní ìhà kejì títì yẹn gan-an.

Orúkọ àbísọ Kíákíá wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí o bá fi pè é, ó lè má dáhùn. Láti kékeré ló ti jẹ́ pé kí àwọn yòókù tó fọwọ́ láti jẹun, òun á ti jẹun tán, á ti fọ abọ́, á sì ti máa béèrè ohun tó kàn. Iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí lẹ́yìn tó bá ṣe é tán, ìyẹn lọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wọn tí wọ́n ń pè ní Gbohùngbohùn, torí pé ọ̀rọ̀ kì í wọ etí rẹ̀ kó má gba ẹnu jáde. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni Ọ̀gá Òdìkejì. Ó gun orí bíríkì kan, ó sì ń ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé fáànù àwọn lè lọ sí ìlú kejì kó sì padà láìgba iná lójú ọ̀nà. Ó wá yíjú sí Kíákíá. "Agolo ìyá tìẹ ńkọ́? Ṣé ó lè dé ìkóríta?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Kíákíá, inú sì bí i. Ó ní kí wọ́n dúró de ọjọ́ Sátidé, wọ́n á rí agolo.

Ohun tó ń bọ̀ ní Sátidé kì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì fẹ́ fi ọkọ̀ oníbẹntiróòlù sílẹ̀. Wọ́n ti ní kí Ọ̀gá Òdìkejì mú fáànù kan wá, kí ìyá Kíákíá náà mú ọ̀kan wá, kí àwọn méjèèjì fi kó búrẹ́dì káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú. Ọwọ́ ẹni tí tiẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn ni gbogbo ẹgbẹ́ ti máa rà á. Tí ìyá Kíákíá bá pàdánù rẹ̀, ó ti pinnu láti ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa, kó sì lọ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀gá Òdìkejì. Ọkùnrin náà ti fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ tipẹ́.

Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà tajà ò jọra rárá. Oríṣi fáànù kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Òdìkejì ń tà. Bátìrì rẹ̀ tóbi, inú rẹ̀ ṣófo bíi gbọ̀ngàn, owó rẹ̀ ò sì ga, torí pé ó ń kó wọn wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Tí o bá wọ ọgbà rẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán o ti ń wa tìẹ lọ. Ìyá Kíákíá ní tiẹ̀ kì í ta fáànù fún ẹni tí kò bá tíì bá lọ síbi iṣẹ́. Á jókòó ti awakọ̀ láti àárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, á máa wo bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń ṣí nígbà tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Ìgbà yẹn ló tó máa padà wá ṣe inú fáànù náà. Ó ṣe ọ̀pá ìfaṣọkọ́ sínú ti alágbàfọ̀, ó ṣe ihò tí korobá ń jókòó sí nínú ti olódòdó, kí omi má baà dànù. Bátìrì kékeré ló sì ń fi sí i. Ó ní àwọn tó ń ra ọjà òun kì í lọ jìnnà, wọ́n kàn ń dúró lemọ́lemọ́ ni.

"Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ̀pà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ imumu," ló máa ń sọ tí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tí kò ṣe bíi ti òdìkejì.

Fún àwọn oníbúrẹ́dì, ó ti ṣe pẹpẹ irin tó ṣe é fà jáde bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì. Búrẹ́dì ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan á wà lórí pẹpẹ tirẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ á sì ṣí sí i tààrà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá lọ bá awakọ̀ oníbúrẹ́dì kan rìn fún ìgbà ìkẹyìn, ó sì ní kí Kíákíá nu fáànù náà, kó sì so ó mọ́ iná kí bátìrì rẹ̀ lè kún. Kíákíá nù ún, ó so ó mọ́ iná, ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀. Ewu ni kí ọwọ́ ọmọ yẹn dilẹ̀. Ó ń wo àwọn pẹpẹ irin náà, ọ̀rọ̀ Gbohùngbohùn sì ń dún létí rẹ̀. Irin yìí ti wúwo jù. Bátìrì kan tí ẹnikẹ́ni ò lò sì wà ní igun. Tí irin bá jáde, bátìrì á wọlé, fáànù á sì jìnnà ju ti òdìkejì lọ. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so bátìrì láti ọdún pípẹ́, ẹ̀rọ agbẹ́rù sì wà nílẹ̀.

Ó rò ó pé ó yẹ kí òun dúró kí ìyá dé, kí òun béèrè. Ó tún rò ó pé ìyá á ní rárá. Ó mú sípánà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, pẹpẹ ti wà lẹ́yìn ilé, bátìrì kejì ti jókòó síbi tó fẹ́, inú Kíákíá sì ń dùn ṣìnkìn. Ó ń fojú inú wo bí ẹnu ṣe máa ya ìyá rẹ̀, tí á sì gbá a mọ́ra.

Ní àárọ̀ Sátidé, ìyá ti ṣáájú lọ sí ilé búrẹ́dì, awakọ̀ ẹgbẹ́ ló wá gbé fáànù, Kíákíá sì jókòó tì í. Èrò ti pé síbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì gun kẹ̀kẹ́ wá. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná gba gbogbo àdúgbò, fáànù méjèèjì sì dúró ní ìdojúkọ ara wọn. Ìyá rẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú.

"Àwọn pẹpẹ yẹn dà?"

"Mo yọ wọ́n, Màmá. Mo fi bátìrì kejì sí i. A máa jìnnà jù wọ́n lọ lónìí."

Ìyá yíjú sí i. "Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń lọ síbi tó jìn?"

Alága ẹgbẹ́, obìnrin kan tó ga tó sì máa ń da ìyẹ̀fun sórí láìmọ̀, ti fọn fèrè. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó búrẹ́dì sínú fáànù, kò sì sí àyè láti tún nǹkan kan ṣe mọ́. Bí wọ́n ṣe kó o léra nílẹ̀ nínú ti òdìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kó o léra nílẹ̀ nínú tiwọn.

Fáànù méjèèjì gbéra láìdún, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì tẹ̀ lé wọn, ariwo gba títì kan. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Ní èkejì, búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Awakọ̀ kó ti òkè jáde sórí títì, ó mú ti ìsàlẹ̀, ó sì tún kó gbogbo rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e. Oníṣọ́ọ̀bù kan gbé búrẹ́dì tó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ sókè, ó béèrè bóyá wọ́n jókòó lé e ni. Awakọ̀ òdìkejì náà ń jẹ irú ìyà kan náà, òógùn bò wọ́n.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Kíákíá sáré wo ìwọ̀n iná. Iná tiwọn ṣì kù lọ rẹpẹtẹ, ó ju ti òdìkejì lọ dáadáa. Ó fò sókè. Àmọ́ alága ò tilẹ̀ wo ìwọ̀n iná. Àwọn awakọ̀ ló bi léèrè. Àwọn méjèèjì fọwọ́ di ìbàdí wọn mú, wọ́n ní fáànù dùn ún wà, kò sì pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn ti kán.

Alága bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì kojú sí èrò. "Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣe bákan náà, èyí tí owó rẹ̀ kéré la máa mú."

Gbohùngbohùn hó yè. Ìyá Kíákíá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kí Ọ̀gá Òdìkejì kú oríire, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù tó fi ń wọn inú fáànù. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ló ká Kíákíá lára jù. Ó lè dákẹ́; lójú tiẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ níwájú alága, lójú gbogbo kíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe fáànù màmá mi lẹ ti lò yẹn. Wọ́n ṣe pẹpẹ sí i fún iṣẹ́ yín gan-an. Èmi ni mo yọ ọ́ láìsọ fún wọn, torí mo fẹ́ kó jìnnà bíi ti òdìkejì."

Alága fà á dìde. Ó ní ó ṣeun tó sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti sọ̀rọ̀, ẹyin lohùn. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí pẹpẹ náà lè dúró, òun ò dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́.

Kíákíá ti ń sáré lọ gbé pẹpẹ lẹ́yìn ilé kí alága tó parí ọ̀rọ̀. Ta ló ń sáré lẹ́yìn rẹ̀? Gbohùngbohùn ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní irin yẹn á wúwo jù fún Kíákíá nìkan láti gbé. Awakọ̀ àti ìyá gbé fáànù tẹ̀ lé wọn. Ìyá tú bátìrì kejì sílẹ̀, wọ́n tún pẹpẹ dè, wọ́n sì padà. Púpọ̀ nínú àwọn oníbúrẹ́dì ti lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù, àwọn tó ń pín búrẹ́dì fún ṣọ́ọ̀bù wẹ́wẹ́ ni. Awakọ̀ ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó fa pẹpẹ kan, ó gbé búrẹ́dì, ó tì í padà. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí ni tèmi," ni oníbúrẹ́dì kan wí. Ẹlòmíràn ní tòun náà ni, ẹni kẹta sì béèrè ìgbà tí ìyá lè wá bá òun rìn. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Àmọ́ ó tó kí ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ ìyá wà ní ṣíṣí.

Ọ̀gá Òdìkejì ti dúró tó ń wò wọ́n. Ó sún mọ́ Kíákíá, ó rọra sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé ìyá rẹ ń ṣe pẹpẹ yìí ni oorun ò ti kùn mí. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ tí mi ò rí i, ọkàn mi balẹ̀. Ṣé bátìrì ńlá lo rò pé ó máa bà mí lẹ́rù? Mo ní i kún ọgbà."

Kíákíá sunkún nígbà náà. Ìyá fà á mọ́ra, ó sì sọ fún un pé ẹni tó bá ń sáré tó ń wo ẹ̀yìn, dandan ni kó fẹsẹ̀ kọ. Kí ó máa wo iwájú tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ mú yín fi ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀, kí ẹ máa sáré lé tẹlòmíràn. Tí a bá sì ti ṣe àṣìṣe, ká tètè sọ òótọ́. Òótọ́ lè má dá gbogbo ohun tó sọnù padà, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ìwọ̀nba díẹ̀ ṣẹ́ kù fún Kíákíá àti ìyá rẹ̀.