Adájọ́ Orin Tí Ọkàn Rẹ̀ Ti Kú

Kò sí orin tí Adéagbo kò lè dá lẹ́jọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Minna ni, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Tudun Wada ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Kò mutí, kò lo oògùn olóró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbọ́ àwo orin rọ́ọ̀kì tuntun, kó sì kọ ọ́ sórí ayélujára bóyá ó dára tàbí kò dára. Bó bá yin ẹgbẹ́ olórin kan, wọ́n ti là nìyẹn. Bó bá bú wọn, kí wọ́n yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ìgbéraga rẹ̀ kò ní ariwo. Bó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń gbọ́ kò ju pé akọrin kan ń ṣi ohùn mú. Ìwàásù a gba etí ọ̀tún wọlé, a gba tòsì jáde.

Lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ kan láti Kàdúná tí wọ́n ń pè ní Guguwa gbé àwo orin jáde. Èmi kò ní parọ́ mọ́ àwo náà: ó dára. Gìtá ń ké bí irin tí wọ́n ń gé, onílù mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Adéagbo de ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí, ó jókòó tì í nínú yàrá rẹ̀ ní Fadikpe.

Ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó ní àyà ń dun òun, kó jọ̀ọ́ gbé òun lọ sí ọsibítù. Adéagbo ṣí etí kan, ó ní, “Màámi, ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ kí orin yìí parí.”

Obìnrin náà kì í fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu. Ó wọ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ó lọ. Kò padà wálé mọ́.

Kò dun Adéagbo. Èyí gan-an ló bani lẹ́rù. Ó ń dúró kí omijé dé, omijé ò dé.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Minna kì í fẹ́ sin òkú wọn sí àjò. Kí wọ́n tó gbé ìyá náà lọ sílé, wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére, àwọn ọmọ sì ní láti dìde sọ̀rọ̀ nípa òkú. Adétóyìn, àbúrò Adéagbo, dìde, ó ní, “Màámi,” ẹkún gbà á lẹ́nu, ó jókòó. Ó wá kan Adéagbo. Ó sọ̀rọ̀ geere. Ó ní ohùn ìyá òun kún, ìwà rẹ̀ wà létòlétò, ìparí rẹ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mu. Àwọn àgbà mi orí, wọ́n ní, “Ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ!”

Ìgbà tó jókòó tán ló tó rántí ibi tí òun ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó kọ nípa àwo orin Guguwa ló kà lé òkú ìyá rẹ̀ lórí. Ìtìjú ìbá bá a, bí ìtìjú bá ṣì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé Minna lẹ́yìn ìsìnkú, Mobọ́lájí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ń ṣe olùkọ́ ní Maikunkele, wá kí i.

“Sannu, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá.”

Adéagbo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ilẹ̀kùn tí ìyá rẹ̀ kàn. “Kò dùn mí, Mobọ́lájí. Kí ló ṣe mí?”

“Mo ti gbọ́ àwo orin yẹn,” Mobọ́lájí dáhùn. “Kai, ó dára! Bí o ṣe kọ ọ́ náà ló rí. Ṣùgbọ́n o ti fi ara rẹ ṣe adájọ́ lórí ohun gbogbo. O dá akọrin lẹ́jọ́, o dá pásítọ̀ lẹ́jọ́. Ìgbà wo lo máa wá jẹ́ ẹjọ́ tìrẹ níwájú Ọlọ́run?”

“Mi ò lè sunkún. Ṣé kí n máa tan Ọlọ́run ni?”

“Haba! Ta ló béèrè ẹkún lọ́wọ́ rẹ? Ẹ̀jẹ̀ Jésù ló ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù, kì í ṣe omijé. Bí ọkàn rẹ bá ti di òkúta, gbé òkúta náà tọ Jésù lọ.”

Adéagbo kúnlẹ̀. Àdúrà gbígbẹ ló gbà: “Olúwa, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mi ò mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Jésù, gbà mí.”

Nígbà tó dìde, ara rẹ̀ ò gbọ̀n, orí rẹ̀ ò wú. Ó kàn mọ̀ pé ohun kan wà tí òun ò lè fi pa mọ́ mọ́. Ó lọ bá Adétóyìn ní ilé ìdáná, ó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. “Màámi bẹ̀ mí pé kí n gbé àwọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n dúró.”

Adétóyìn wò ó. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ Adéagbo lára. Ó dùn ún. Ó dùn ún wọ egungun, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù bó ti ń dùn ún.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ìwọ kì í ṣe ọ̀mùtí, o ò sì jalè. O mọ orin tó dára, o mọ ìwàásù tó dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń kan ọkàn rẹ mọ́. Má dúró de ẹkún kí o tó ronú pìwà dà. Ẹsẹ̀ tó ti kú kì í dun ẹni tó ni ín, síbẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó tètè dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ta ló fi ọ̀la dá ọ lójú? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà lónìí, kí o sọ fún Jésù pé o ò mọ nǹkan kan lára. Kò ní lé ọ.