Géèmù Tí Kò Ṣeé Dá Dúró

Àárọ̀ ọjọ́ náà tutù pẹ̀sẹ̀. Ìyá àgbà ti jí, ó ti wẹ̀, ó ti jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń bá rédíò jà pé kò sọ̀rọ̀ sókè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún fíríìjì ṣe, ń wá sípánà kiri abẹ́ àga. Ìyàwó ọmọ náà ń wọ bàtà, ó fẹ́ máa lọ sí ilé búrẹ́dì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ti jáde ìwé mẹ́wàá tó ń retí àyè ní yunifásítì, nà gbọọrọ sórí àga pálọ̀, fóònù lọ́wọ́, hẹ́dífóònù lọ́rùn. Sójà ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí kò sí ẹni tó lè yìnbọn bíi tirẹ̀ nínú géèmù.

Ìyá rẹ̀ dúró lé e lórí. "Sójà, tẹ́tí sí mi. Ọ̀sán ni Màmá àgbà máa gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n gún fúnra wọn. Oúnjẹ ni iṣẹ́ tìẹ. Bí wọ́n bá ti gún un báyìí, kí oúnjẹ ti wà níwájú wọn. Mo ti se é, kó o kàn gbé e kaná ni. Abẹ́rẹ́ yẹn ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bí wọn ò bá sì jẹun, á fà á kọjá ibi tó yẹ."

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

"O gbọ́, o ò sì gbójú sókè."

Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ àga. "Fi ọmọ sílẹ̀ jàre. Ṣé èmi náà ò gbá géèmù ìbọn dàgbà ni? Kí ló wá ṣe mí?"

"Ohun tó ṣe yín ni pé irun orí yín ti ń funfun, ẹ ṣì ń bá ọmọ bíbí inú yín gbá géèmù," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ géèmù yìí ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun ò mọ̀.

Nígbà tí atún-fíríìjì-ṣe yìí wà lọ́mọdé, orí kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí bàbá wọn gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gbá géèmù ìbọn. Ọwọ́ rẹ àti ìbọn nìkan lo máa rí nínú rẹ̀, bí ẹni pé ìwọ gan-an lo wà níbẹ̀. Wàá máa sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú, wàá máa wá kọ́kọ́rọ́ pupa tó ń ṣí ilẹ̀kùn pupa. Àwọn iwin tó ń bọ̀ wá pa ọ́ dà bíi páálí tí wọ́n fi ọ̀bẹ kújú gé, ẹ̀jẹ̀ wọn pàápàá ní igun mẹ́rin. Bí wọ́n bá ṣe ọ́ léṣe, àfi kó o wá àpótí oògùn kiri ilẹ̀. Bó o bá dé òpin, ó parí nìyẹn, lọ jẹun. Ìbọn ọkùnrin yìí kì í tàsé, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Atamátàsé. Bí ìyá wọn bá sì pè wọ́n pé kí wọ́n wá pọnmi, bọ́tìnì kan ni wọ́n máa tẹ̀. Gbogbo iwin á dúró gbagidi, wọ́n á sì dúró dè wọ́n títí wọ́n á fi pọnmi dé.

Tòde òní kọ́ nìyẹn. Èyí tí Sójà gbé sórí fóònù tirẹ̀, tó sì gbé sórí ti bàbá rẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni wọ́n jọ ń yìnbọn lura wọn nínú rẹ̀, kálukú láti ilé tirẹ̀. Òógùn hàn lójú àwọn tó wà níbẹ̀, èémí wọn ń dún létí ẹni. Ọta ń tán nínú ìbọn, èèyàn ní láti ki òmíràn. Bí wọ́n bá ṣe ọ́ léṣe, sá pamọ́ díẹ̀, ara rẹ á yá fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ dára, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò lópin. Wọ́n á fún ọ lẹ́bùn nítorí pé o wá lónìí, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ bó ò bá wá lọ́la. Wọ́n á ta aṣọ fún ọ, aṣọ tó ò lè wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á kó ọ pọ̀ mọ́ àwọn tí o ò mọ̀ rí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ sí ọ létí. Bó o bá fi wọ́n sílẹ̀ láàárín ìjà, wọ́n á bú ọ, wọ́n á bú ìyá tó bí ọ, géèmù náà á sì tì ọ́ síta, á rẹ ipò rẹ sílẹ̀. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dá ìjà dúró kò sí níbẹ̀. Ẹ má rò pé wọ́n gbàgbé láti fi í síbẹ̀ o. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àkókò wa ni wọ́n ń jẹ.

Atamátàsé gbá a, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó ní géèmù àtijọ́ náà ni, aṣọ tuntun ni wọ́n kàn wọ̀ fún un. Ohun tí òpònú bàbá yìí gbà gbọ́ nìyẹn, ẹ má bínú pé mo pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti rọ gáàsì sínú fíríìjì oníbàárà kan tán ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá sì ti rọ gáàsì tán, èèyàn ní láti jókòó tì í ni, kó máa wò ó bóyá á mú omi dì. Ìdí fíríìjì yẹn ló jókòó sí tó fa fóònù yọ, tó fi hẹ́dífóònù sétí. Sójà náà ti wà lórí tirẹ̀. Wọ́n wọlé pa pọ̀, géèmù sì fi ẹni méjì kún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ejò Dúdú. Ẹnu tó ní kò dáa, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n wọlé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú Sójà pé ojú rẹ̀ ti fọ́.

"Fi í sílẹ̀, máa yìnbọn lọ," ni bàbá rẹ̀ sọ fún un.

Wọ́n jà, wọ́n jà, ó ku ẹgbẹ́ méjì péré. Ìgbà yẹn ni ohùn Sójà yí padà létí bàbá rẹ̀.

"Dádì, Màmá àgbà ń pè mí."

"Kí ni wọ́n fẹ́?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ wọn, mi ò sì tíì gbé oúnjẹ fún wọn. Ẹ jẹ́ n sáré dé ọ̀dọ̀ wọn."

Bí ó bá jẹ́ ayé àtijọ́ ni, bọ́tìnì kan ni wọ́n máa tẹ̀. Atamátàsé wo ojú fóònù rẹ̀, ó wo iye ọ̀tá tó kù. "Bó o bá jáde báyìí, wọ́n á tì ẹ́ síta, gbogbo ohun tá a ti jà fún á wọmi. Fara balẹ̀. Ó ti fẹ́ parí. Bó bá ṣe kókó, Màmá á tún pè ẹ́."

Ejò Dúdú dá sí i. "Ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà lójú ogun? Ẹ lé òmùgọ̀ yẹn jáde."

"Ṣé mo lè lọ, Dádì?"

"Mo ní kó o dúró."

Sójà dúró. Ó fa hẹ́dífóònù bo etí rẹ̀ dáadáa, kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ yàtọ̀ sí ìbọn.

Wọ́n borí. Atamátàsé ń fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ fíríìjì bí ọmọdé, Ejò Dúdú tó ń bú wọn lẹ́ẹ̀kan ti ń kí wọn kú oríire, géèmù sì ti ń bi wọ́n bóyá kí òun tún kó wọn wọlé. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ láàárín ariwo náà.

"Dádì, Màmá àgbà wà nílẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn. Òógùn bo gbogbo ara wọn."

Atamátàsé fò dìde. "Da ohun mímu dídùn sí wọn lẹ́nu," ló wí, ó sì ti ń sáré. Kò ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré kọjá ilé mẹ́kaníìkì, ó sáré kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, hẹ́dífóònù ń lù ú láyà.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan tí kò fẹ́ràn àwàdà jáde wá bá wọn. "Ta ló da ohun mímu sí ìyá yìí lẹ́nu nígbà tí wọ́n ti dákú?"

Sójà na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Ẹni tó ti dákú kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Bí ṣúgà ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ bá ti ń wálẹ̀, ó máa ń hàn. Ara wọn á máa gbọ̀n, òógùn á bò wọ́n, ebi á pa wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn lè má já gaara. Nígbà tí wọ́n ṣì lajú tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ fún wọn ní omi ṣúgà tàbí ohun mímu dídùn kíá, lẹ́yìn náà kí wọ́n jẹun. Bí wọ́n bá ti dákú, ẹ yí wọn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ẹ máa gbé wọn bọ̀. Ọpọlọ ò lè pẹ́ láìsí ṣúgà. Ó ti pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé ìyá yín dé."

"Ṣé wọ́n á jí?" ni Atamátàsé béèrè.

"A ń ṣe èyí tá a lè ṣe. Ta ló wà nílé pẹ̀lú wọn?"

Gbogbo ojú yí sí Sójà. Àbúrò Atamátàsé obìnrin, télọ̀ tó sáré dé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ló kọ́kọ́ já lu ọmọ náà. "Kí lò ń ṣe? Ìyá mi ń kú lọ, kí lò ń ṣe?"

"Géèmù ni mò ń gbá, Àǹtí."

Ìgbátí ló fi dá a lóhùn. Ìyá Sójà ò gbà á sílẹ̀. "Mo sọ fún un. Mo dúró lé e lórí, mo sọ ọ́ yékéyéké," ló ń wí, ojú rẹ̀ gbẹ, kò tiẹ̀ wo ọmọ náà.

Atamátàsé dúró tì wọ́n. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé òun náà wà nínú géèmù yẹn. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi ń bú ọmọ yẹn bẹ́ẹ̀, tí ìyá àgbà ò sì jí. Ìyá rẹ̀ ń bú u nídìí iná, àǹtí rẹ̀ ń bú u lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan Sójà ká bàbá rẹ̀ mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, níbi táwọn méjèèjì nìkan wà.

"Dádì, ẹ ò tíì sọ fún wọn."

"Kí ni mi ò tíì sọ?"

"Pé ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró."

Ẹ wá gbọ́ èsì tí bàbá ọmọ fọ̀. "Ṣé mo so okùn mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ rẹ ò ṣeé rìn?"

Sójà wò ó. Kò sunkún, kò bínú tó hàn lójú. "Ó dáa, sà," ló wí, ó sì padà lọ jókòó.

Nígbà tí ìyá àgbà lajú, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n rọ́ wọlé. Ayọ̀ náà ò tọ́jọ́. Ìyá ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wo èrò nínú bọ́ọ̀sì. Ó béèrè pé nígbà wo ni ìyá òun máa wá mú òun lọ sílé. Dókítà ní ìpalára ti dé bá ọpọlọ, pé díẹ̀ nínú iyè rẹ̀ lè padà, pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ní padà.

Sójà fẹ́ gbé omi fún un. Télọ̀ gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Má fi ọwọ́ yẹn kan màmá mi mọ́. Bọ̀dá mi, ọmọ yín ò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí mọ́. Apànìyàn ni. Ẹ mú un kúrò níwájú mi."

"Èmi ni," ni Atamátàsé wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo ní kó má lọ. Mo wà nínú géèmù náà pẹ̀lú rẹ̀, láti ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ fún mi pé Màmá ń pè é, pé wọn ò tíì jẹun. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó dúró ká borí."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú wo Sójà. Àbúrò rẹ̀ ò gbá a létí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó sọ le ju ìgbátí lọ. "Ẹ sì jókòó síbí, ẹ ń wò mí nígbà tí mò ń lu ọmọ. Mi ò mọ̀ yín rí, Bọ̀dá."

Atamátàsé yọ géèmù náà kúrò lórí fóònù rẹ̀ lójú wọn. Kò sẹ́ni tó yìn ín. Ní tòótọ́, kí ni wọ́n fẹ́ yìn níbẹ̀?

Àárọ̀ àti alẹ́ ló ń fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ báyìí. Sójà ń kí i, ó ń jẹ́ iṣẹ́ tó bá rán an, kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ ti kó ibùsùn rẹ̀ lọ sí yàrá ìyá àgbà, ó ní òun ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nínú ilé náà mọ́. Bí ìyá bá jẹun tán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, á wo ọmọ tó bí, á ní, "Ẹ ṣeun o, bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ yín tọ́jú ẹ̀yin náà."

Ìwọ bàbá tó ń sọ fún ìyàwó rẹ pé o mọ géèmù tí ọmọ rẹ ń gbá, jókòó tì í kó o wò ó. Béèrè ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ létí. Béèrè bóyá ó ṣeé dá dúró. Bí kò bá ṣeé dá dúró, ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn tàbí ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ ìwọ alára. Bí wọ́n bá pè ọ́ láti yàrá ẹ̀yìn, ju fóònù sílẹ̀ kó o dìde. Jẹ́ kí wọ́n tì ọ́ síta, jẹ́ kí wọ́n bú ọ. Àwọn tó ń bú ọ ò mọ orúkọ ìyá rẹ.