Bàbá Adéagbo Ń Retí Àlejò

Bàbá Adéagbo kí àwọn ará ilé rẹ̀ títí, kò rí ẹni dá a lóhùn. Ohun tí Abdulwaheed kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn nígbà tó dé agbolé wọn ní Ìlàrè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tọmọdé tàgbà ń kọjá, kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀.

Ọdún yẹn ni Abdulwaheed fẹ́ jáde ní yunifásítì, iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì dá lórí bí wọ́n ṣe tẹ Ìlàrè dó. Dókítà Oyèlárán, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ti kìlọ̀ fún un pé ìwé inú láíbìrì nìkan kò tó, kó wá àgbà tó mọ ìtàn, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ bá Bàbá Adéagbo ní Ìlàrè, bàbá sì gbà. Ó kàn ní kó padà wá, torí ìtàn ìdílé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìkánjú sọ.

Abdulwaheed kò padà lọ. Ìmẹ́lẹ́ ló ṣe é, ká má parọ́. Ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́, ó hun ìtàn jọ, ó fi sí bàbá lẹ́nu. Kí ọ̀gá má baà ní kí àwọn jọ lọ wádìí, ó kọ "olóògbé" síwájú orúkọ bàbá. Ọ̀gá kà á, ó kẹ́dùn, ó sì fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ó bá a. Ti Abdulwaheed kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dá a lẹ́bi, ló bá gbé iṣẹ́ náà sínú báàgì, ó wá tọrọ àforíjì.

Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá fà á dìde. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ìdí àmù.

"Ìwọ nìkan lo dá mi lóhùn láti ọjọ́ yìí," ni bàbá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí ni mo fi ṣe àwọn ọmọ mi?"

Kí Abdulwaheed tó lanu, Fọlákẹ́, àbíkẹ́yìn bàbá, jáde síta nínú aṣọ dúdú, ó bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Abdulwaheed ní bàbá ni. Fọlákẹ́ ní bàbá àwọn sùn ni, kò jí mọ́. Ọjọ́ tó dárúkọ gan-an ni ọjọ́ tí Abdulwaheed kọ "olóògbé".

"Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n ń retí títí wọ́n fi lọ," ni Fọlákẹ́ wí. "Àbí ẹ̀yin ni?"

Abdulwaheed fa iṣẹ́ náà jáde nínú báàgì.

Ní ẹ̀yìn rẹ̀, bàbá ti sún fún un lórí bẹ́ńṣì.

"Jókòó, ọmọ mi. Màá sọ ìtàn náà fún ọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka èyí tí o ti kọ nípa mi, kí n gbọ́."

Abdulwaheed ṣí ìwé náà. Ní ìlà àkọ́kọ́ ni "olóògbé" wà.