Ẹyin Inú Omi Eérú

Ìyá Oyèkọ́lá, aṣọṣẹ dúdú, rọra gbé ẹyin tútù kan sínú garawa omi eérú. Ẹyin náà rì. Ó pòṣé, ó yọ ọ́ jáde, ó ní omi náà kò tíì le tó.

Madame Manuella, olùkọ́ ní yunifásítì, dúró tì í nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Nkololoun ní Douala pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wọ aṣọ funfun. Wọ́n fẹ́ kí Ìyá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọṣẹ ṣíṣe. Àwọn náà yóò máa yẹ ọṣẹ rẹ̀ wò, kí ó lè rí ìwé ẹ̀rí tí àwọn tó ń ta oògùn ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún méjì kí wọ́n tó lè bá a ta ọṣẹ náà. Ìyá kò gbọ́ Faransé, Pijin díẹ̀ ló gbọ́. Jọláolúwa, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí sí Douala, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń túmọ̀.

Madame béèrè ohun tí ẹyin wà fún.

"Ẹyin ló ń sọ fún mi," ni Ìyá wí. "Bí orí rẹ̀ bá ti yọ díẹ̀, omi ti tó nìyẹn."

Jọláolúwa wo àwọn aṣọ funfun náà, ojú tì í. Ó sọ ní Faransé pé Màmá kàn ń fọ ẹyin oúnjẹ ọ̀sán ni, pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn omi, ẹ̀rọ ọ̀hún sì ti bàjẹ́.

Madame pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní ẹ̀rọ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ìmọ̀ ọwọ́ ni àwọn wá wá, àwọn yóò wo ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní àdúgbò Japoma. Wọ́n dágbére, wọ́n jáde.

Ìyá béèrè ohun tó lé wọn lọ. Jọláolúwa kò lè purọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ́wọ́. Ìyá kò nà án, kò bú u. Ó kàn jókòó sórí àpótí.

"Jọlá, ṣé iṣẹ́ tí mo fi ń tọ́ ọ ló ń tì ọ́ lójú?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ẹgba lọ. Ó sáré bọ́ sí títì. Madame ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú takisí nígbà tó bá wọn. Ó fi omijé sọ gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Madame kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn yóò padà, àmọ́ ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ onílé padà kò ní túmọ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Pijin ni yóò ṣe é. Jọláolúwa gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán yẹn, Ìyá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n, àwọn náà ṣàlàyé ìdí tí ẹyin fi ń léfòó. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń ṣe é láìmọ ìdí.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," ni ó wí, "ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbìyànjú títí, Pijin rẹ̀ kò gbé e. Madame yíjú sí Jọláolúwa, ó sì mi orí sí i pé kí ó túmọ̀ rẹ̀. Jọláolúwa túmọ̀ òwe náà, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ló yé e pé ohun tí à ń tijú rẹ̀ nílé lè jẹ́ ohun náà gan-an tí àlejò ń wá kiri, àti pé bí a bá ṣe rán ni níṣẹ́ náà la gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ.