Ta Ló Tọ̀ Sórí Ẹní?

Róbótó ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó ti di àgbà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Gìrìpá ni ajá ilé wọn. Ó tóbi gan-an, àmọ́ ó ti darúgbó. Ìbàdí ń dùn ún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì.

Tó bá fẹ́ dìde, á gbé ìdí sókè díẹ̀. Gbìì! Á tún jókòó padà.

"Ẹ rọra, bàbá," ni Róbótó máa ń sọ fún un. Á wá tì í nídìí. Hẹ́ẹ̀ẹ̀p! Gìrìpá á dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì sùn lórí ẹní ní pálọ̀. Gìrìpá ń hanrun. Họ̀ọ̀-ùn. Họ̀ọ̀-ùn.

Róbótó jí. Ẹní tutù. Pátá rẹ̀ náà tutù. Yéè! Ó ti tọ̀ sílé!

Ojú tì í. Àgbà bí i tirẹ̀! Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá gbọ́, ẹ̀rín ò ní tán lẹ́nu rẹ̀. Ó sáré lọ pààrọ̀ pátá.

Màmá wọlé. "Háà! Ta ló tọ̀ sórí ẹní?"

Róbótó wolẹ̀. "Gìrìpá ni."

Gìrìpá ò mọ nǹkan kan. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ń ju ìrù. Pàà, pàà, pàà.

"Áà, Gìrìpá! Ìtọ̀ náà tún ti kún un?" ni Màmá wí. "Ẹ̀yìnkùlé lo ó máa sùn báyìí o."

Kò sí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé. Sìmẹ́ǹtì ló wà níbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì sì tutù.

Nígbà tílẹ̀ ṣú, "Hìn-ìn," ni Gìrìpá ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Hìn-ìn-ìn."

Róbótó fọwọ́ di etí. Ó ṣì ń gbọ́ ọ. Ojú tún tì í.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Gìrìpá gbé ìdí sókè. Gbìì! Róbótó tì í. Hẹ́ẹ̀ẹ̀p! Gbìì! Ó tún tì í. Gbìì! Gìrìpá ò lè dìde mọ́.

Dókítà ẹranko dé, tòun tàpò. Ó tẹ ìbàdí Gìrìpá wò. Ó tẹ ikùn rẹ̀ wò.

"Òtútù ti wọ̀ ọ́ léegun," ni dókítà wí. "Ibo ló sùn?"

"Orí sìmẹ́ǹtì ni," Màmá dáhùn. "Ó ti ń tọ̀ sílé, Dókítà."

"Ṣé bẹ́ẹ̀? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fún un lábẹ́rẹ́ ìtọ̀."

Ó fa abẹ́rẹ́ yọ. Abẹ́rẹ́ náà gùn!

Róbótó wo Gìrìpá, ó wo abẹ́rẹ́. Ojú ń tì í, ó ń tì í, bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ilẹ̀ ò lanu.

"Ẹ má gún un!" ló pariwo. "Èmi ni mo tọ̀ sórí ẹní! Mo parọ́ mọ́ Gìrìpá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Màmá kàn wò ó báyìí, ẹ̀gbọ́n sì panu mọ́.

Dókítà dá abẹ́rẹ́ padà sínú àpò.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ni Màmá béèrè.

"Ojú ló tì mí, Màmá."

"Ìtọ̀ ò le, fífọ̀ la máa fọ̀ ọ́. Ìyà tó jẹ Gìrìpá ńkọ́?"

Róbótó bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ níwájú ajá náà. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Gìrìpá lá a lójú. Lààà!

Màmá àti ẹ̀gbọ́n gbé Gìrìpá wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí fóòmù. Róbótó bá wọn gbé ìrù.

Ó di ọjọ́ kẹrin. Gìrìpá gbé ìdí sókè. Róbótó tì í. Hẹ́ẹ̀ẹ̀p! Ó dìde! Ayọ̀ kún inú Róbótó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, Róbótó tún jí. Ẹní tutù.

Òun àti Gìrìpá nìkan ló wà ní pálọ̀. Ojú tì í. Ó wo Gìrìpá. Gìrìpá ń ju ìrù. Pàà, pàà.

Róbótó ká ẹní. Ó wọ́ ọ lọ bá Màmá ní kíṣìnì.

"Màmá, èmi ni o," ló wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í.